Aṣọ Òkú Lára Ìyàwó Tuntun

"Ta ló wọ aṣọ òkú sí ìyàwó yìí lọ́rùn?"

Bí Ọ̀gá Orikasa ṣe kí olóòtú náà káàárọ̀ nìyẹn. Ọkùnrin ọ̀hún kò tíì jókòó, òjò ṣì ń kán láti ara agbòjò rẹ̀ sílẹ̀ ọ́fíìsì wa, nígbà tí Ọ̀gá ti fi ìka gún ojú ewé tó tẹ́ sórí tábìlì. Kashiwabara lorúkọ olóòtú náà. Òun ló ń bójú tó ìwé ìtàn aláwòrán ní ilé ìtẹ̀wé kan láàárín ìlú, òun náà ló sì bá òkú ayàwòrán wọn, Kurihashi Tokie, lórí tábìlì iṣẹ́ obìnrin náà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Èmi Tadokoro, sájẹ́ǹtì lásán, mo sún mọ́ ewé náà, mo wò ó. Obìnrin òyìnbó kan ló dúró lójú fèrèsé ilé àlejò, lórí òkè. Ó wọ yukátà, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a máa ń wọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ó ń wo ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ máa gbà dé. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Àwòrán náà dùn ún wò débi pé ojú mi kọ́kọ́ fo ohun tí Ọ̀gá rí.

Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n: apá òsì aṣọ là ń gbé lé apá ọ̀tún. Òkú nìkan là ń gbé apá ọ̀tún lé tòsì fún kí a tó tẹ́ ẹ sínú pósí. Ọmọ tó bá ṣì í wọ̀, ìyá rẹ̀ á gbá a lọ́wọ́, á ní kó má fi ikú ṣeré. Aṣọ òkú ni ìyàwó tuntun yìí wọ̀, ó tún wá ń rẹ́rìn-ín.

Kashiwabara yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun, mi ò rí i tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìwé náà ti inú ẹ̀rọ jáde láàárọ̀ yìí ni akọ̀wé wa kan figbe ta. Ìdí tí mo fi sáré wá nìyẹn."

"Ṣé Tíṣà Kurihashi máa ń ṣe irú àṣìṣe báyìí?"

"Wọ́n á kọ́kọ́ kú ni," ó ní. Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ Tíṣà Kurihashi, bí a ti ń pe àwọn ayàwòrán àgbà lọ́dọ̀ wa, ni pé kó mú ìwé ìfẹ́ táwọn òyìnbó kọ, kó sọ ọ́ di ìtàn aláwòrán fáwọn obìnrin tiwa. Ìyàwó mi ti sunkún lórí àwọn ìwé rẹ̀ ju bó ṣe sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa lọ. Kashiwabara ní ẹni tó kọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Japan rí. Nínú ìwé tirẹ̀, ìyàwó náà wọ bàtà lórí ẹní, ó sì gbé ọṣẹ wọnú odò omi gbígbóná tí gbogbo èrò ilé àlejò jọ ń lúwẹ̀ẹ́. Tíṣà ló tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò ní jẹ́ káwọn ìyá arúgbó tó ń ka ìwé òun rí òun bú.

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ ló yí ewé náà padà?" Kashiwabara béèrè. "Tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ fáwọn ará òkè òkun tó ń kàwé láti apá òsì, kì í ṣe láti ọ̀tún bíi tiwa, a máa ń yí gbogbo ewé padà, ọwọ́ ọ̀tún á di òsì."

Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, kí n lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá fi ìka kan aṣọ tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìyàwó náà.

"Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi."

"'Ilé Omi Gbígbóná ti Shirakura,'" olóòtú kà á.

"Ṣé ó yí padà?"

"Kò yí padà."

"A jẹ́ pé ewé ò yí. Ọrùn aṣọ nìkan ló yí. Tadokoro, gbé agbòjò, oúnjẹ ò ní sá lọ."

*

A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Ọ̀gá Àgbà Mamiya dá wa dúró. Ọmọdé ni Mamiya lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orikasa, ipò rẹ̀ ló ga. Lójú tirẹ̀, ẹni a bá lábà ni baba, ẹni a bá nídìí òkú ni apànìyàn.

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ òkú yẹn," ó ní. "Obìnrin náà mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa òun ni. Àmì ló fi sílẹ̀ fún wa."

"Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa òun á gbé fóònù," Orikasa dá a lóhùn. "Kò ní jókòó kó máa ya ọrùn aṣọ."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Egbò wà lẹ́yìn orí òkú. Aládùúgbò gbọ́ ariwo lọ́sàn-án Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ọmọ yẹn ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Sendai kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún ni Oribe, ọmọ iṣẹ́ Tíṣà, fúnra rẹ̀ sọ pé òun fi í sílẹ̀ láàyè. Ta ló kù? Ó ti bá obìnrin yẹn ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò sí lára ìwé kankan. Ó bẹ Tíṣà lẹ́ẹ̀kan pé kó fi orúkọ òun sí i, Tíṣà kọ̀ fún un. Ẹ lọ mú un wá kí ilẹ̀ tó ṣú, tàbí kí n rán ẹlòmíràn."

Orikasa tẹrí ba fún un, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ kí ọmọ abẹ́ ṣe. Nígbà tí a jáde sínú òjò ló wá sọ fún mi pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá rọrùn báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ ni mo máa ń bà."

*

Ilé Tíṣà Kurihashi wà ní Nerima, ní òpópónà tóóró kan tí òdòdó àjísàì rẹ̀ ti tẹrí ba lábẹ́ òjò. Yàrá iṣẹ́ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀: ti Tíṣà lójú fèrèsé, ti ọmọ iṣẹ́ lẹ́bàá ògiri, dígí gíga kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ iṣẹ́ náà. Yukátà aláró kan gbé kọ́ ara ìṣó.

Oribe Fusae kí wa lórí ìkúnlẹ̀. Ó ga, irun rẹ̀ ti ń funfun, tàdáwà sì ti wọ inú èékánná rẹ̀ débi pé kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó dìde ni mo mọ ibi tí mo ti rí i rí. Gbogbo ìyàwó tó wà nínú ìwé Tíṣà, àwọn tí ìyàwó mi ń torí wọn sunkún, bí obìnrin yìí ṣe ń gbé èjìká ni wọ́n ṣe ń gbé èjìká. Ojú òyìnbó ni wọ́n ní, ara Fusae ni wọ́n gbé wọ̀.

"Oribe-san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ bó ṣe lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún mi," Ọ̀gá ní.

"Bó ṣe máa ń lọ náà ni. Mo dé lọ́sàn-án, mo wọ yukátà, mo dúró sójú fèrèsé, Tíṣà jókòó, wọ́n ń yà mí. Nígbà tí ewé ìkẹyìn parí, a mu tíì. Mo sì lọ sílé nírọ̀lẹ́."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ dúró fún wọn?"

"Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge lèmi nìkan ti ń dúró fún wọn."

"Ẹ wọ aṣọ yẹn dáadáa?"

Obìnrin náà wo Ọ̀gá tìyanu-tìyanu. "Ṣé òkú ni mí ni?"

Mo rí i pé kò tíì rí ewé tí ẹ̀rọ tẹ̀. Kò mọ ohunkóhun nípa ọrùn aṣọ. Ọ̀gá náà rí i, kò sì sọ ọ́.

"Nígbà tí Kashiwabara dé, kóòtù wà lára wọn. Ta ló dà á bò wọ́n?"

"Èmi ni. Ẹ̀rọ atútù ń fẹ́ lé wọn lẹ́yìn."

"Nígbà tí wọ́n ń mu tíì?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń mu tíì."

"Ẹ ṣé o. Ẹ bá wa se tíì ọkà báálì nísàlẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun sájẹ́ǹtì mi ti gbẹ."

Bó ti sọ̀kalẹ̀ tán, Orikasa yíjú sí mi. "Bọ́ kóòtù rẹ. Gbé yukátà yẹn wọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ wo ikùn mi."

"Ikùn rẹ kọ́ ni mo fẹ́ yà. Wọ̀ ọ́ bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ."

Mo wọ̀ ọ́. Apá òsì lórí apá ọ̀tún. Kò tilẹ̀ fẹ́ẹ̀ pàdé níwájú. Mo dúró sójú fèrèsé bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ti gbàgbé, Ọ̀gá sì jókòó sórí àga olóògbé, ó mú pẹ́ńsù, ó ń yà mí. Nígbà tó fi hàn mí, iṣu ni mo rí, iṣu tí wọ́n di aṣọ mọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn aṣọ iṣu náà tọ́.

"Ó tọ́," mo ní. "Kò síbi tí a dé."

"Aṣọ rẹ ti ń tú. Lọ tún un ṣe kó má dójú tì mí."

Mo rìn lọ síwájú dígí gíga yẹn láti tún ìgbàjá so. Mo gbójú sókè. Ara mi bù máṣọ. Tadokoro kan dúró níwájú mi tó wọ aṣọ òkú, apá ọ̀tún lórí apá òsì, ikùn sì yọ síta. Mo fọwọ́ kan ọrùn ara mi láti mọ̀ bóyá mo ti ṣì í wọ̀. N kò ṣì í wọ̀. Dígí ni.

"Ẹ̀n ẹ́n," Ọ̀gá ní lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́. "Ohun tí ẹni tó ya ewé yẹn rí nìyẹn, ohun tó sì rí ló yà. Ayàwòrán tó bá ní ẹni tó dúró fún un kì í wo dígí, Tadokoro. Kí ló máa wá dé ibẹ̀? Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò dúró fún un ló ń wo dígí. Ara ta ló sì wà nínú àwòrán?"

"Ti Fusae."

"Tíṣà kúrú, ó sanra. Tó bá dúró níwájú dígí, irú tìrẹ ni à bá rí. Ẹni tó wà nínú dígí, òun náà ló mú pẹ́ńsù. Fusae ló ya ara rẹ̀."

Atẹ́gùn ẹ̀rọ atútù ń fẹ́ sí mi láyà. "A jẹ́ pé irọ́ ló pa. Tíṣà kọ́ ló ya ewé ìkẹyìn. Kò sẹ́ni tó rí i láàyè nírọ̀lẹ́. Ó ti pa á nígbà yẹn! Mamiya ló tọ́!"

"Má yára. Ìwọ tí o bá pa ènìyàn, ṣé o máa da kóòtù bò ó kí òtútù má mú un?"

Mo fa yukátà náà mọ́ àyà.

"Ta là ń da aṣọ bò?"

"Ẹni tó ń sùn," mo ní.

Orikasa lọ sídìí tábìlì. Ó mú fóònù, ó pe dókítà tó yẹ òkú wò, ó tẹ́tí, ó ń ṣe "hùn ún, hùn ún." Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òkú ẹni tirẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ lọ rí ọmọ àbúrò Tíṣà, nítorí òun ò fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn òun títí yóò fi dá òun lójú.

*

Inú gbọ̀ngàn tẹ́ńpìlì tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìsìnkú ni a ti bá Kurihashi Shigeto. Ó ń to àga. Dókítà eyín ni, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wú. Wọ́n ní Tíṣà ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú.

"Kí lẹ bá Àǹtí yín jà sí?" Ọ̀gá bi í.

"Ìjà kọ́. Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Sendai. Ojú wọn ti ń ṣú, Ọ̀gá. Wọ́n ń fi imú kan ìwé kí wọ́n tó rí ìlà."

"Wọ́n kọ̀."

"Wọ́n ní káwọn wá máa fọ eyín fún mi ni? Ohùn wa lọ sókè, òótọ́ ni."

"Ta ló tì wọ́n?"

Àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó tì wọ́n."

"Mo ń bi yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni o."

"Mo... mo fa pẹ́ńsù kúrò lọ́wọ́ wọn. Eré ni! Bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n fà á padà, ni mo bá jù ú sílẹ̀ lójijì. Wọ́n ṣubú sẹ́yìn, orí wọn kan kọ́ńbọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ń kó ìwé sí. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní, 'Ẹ wo irú ọmọ tí mo fi ìrẹsì tọ́. Ó yá, máa sáré, ọkọ̀ rẹ á fi ọ́ sílẹ̀.' Wọ́n tún di ìrẹsì fún mi pé kí n jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún wa?"

"Àwọn èèyàn yín ló sọ fún mi pé wọ́n ṣì wà láàyè nírọ̀lẹ́, pé wọ́n yàwòrán, wọ́n mu tíì. Mo ní ọpẹ́ ni, kì í ṣe èmi. Ọ̀rọ̀ Oribe-san ni mo fi ń rí oorun sùn láti Ọjọ́ Ajé." Ó wo ojú Ọ̀gá. "Ṣé wọn ò mu tíì ni?"

Orikasa mi orí pé wọn ò mu ún. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àga tó ń tò, ó fi aṣọ dúdú rẹ̀ bojú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Bí ẹ bá ń sunkún, ẹ máa ríran o," Ọ̀gá sọ fún un. Inú rẹ̀ bàjẹ́, mo mọ ohùn rẹ̀. "Ẹ fúnra yín ni kí ẹ lọ sọ ọ́ fún Ọ̀gá Àgbà Mamiya lónìí, kó má jẹ́ pé a wá mú yín. Ohun tí ẹ ṣe kì í ṣe ìpànìyàn lójú mi, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

Nínú ọkọ̀ ló ti wá sọ ohun tí dókítà wí. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà díẹ̀díẹ̀ sínú agbárí Tíṣà látìgbà tó ti fi orí gbá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á dìde, á sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á di oúnjẹ fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ni oorun á gbé e, á máa hanrun kíkankíkan. Ó lè pẹ́ nínú oorun yẹn kó tó kú.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo wa ọkọ̀ padà sí Nerima.

*

Tíì tí Fusae sè ṣì wà níbi tí a fi í sílẹ̀ sí. Ó ti tutù. Orikasa jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe níwájú rẹ̀ bí ọlọ́pàá, ó sì tẹ́ ewé náà sílẹ̀ fún un.

Fusae wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ fò lọ sẹ́nu. "Háà! Ọrùn aṣọ! Ó ti jáde báyìí? Yéè, mo gbé, mo dójú ti Tíṣà. Wọn ìbá ti rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ló máa ń yẹ ewé wò tí mo bá..."

Ó fi ọwọ́ bo ewé náà.

"Tí ẹ bá yà á tán," Ọ̀gá bá a parí rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ yà á, ẹ ń wo dígí yẹn. Tíṣà sì wà níbí, orí wọn wà lórí tábìlì."

Òjò ń lu òrùlé. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú wọn a máa wá pẹ̀lú àwáwí. Obìnrin yìí kò wí àwáwí kankan.

"Nígbà tí mo dé, wọ́n ń sùn," ó ní. "Nínú iṣẹ́ tiwa, Ọ̀gá, tí ọjọ́ ìfiṣẹ́sílẹ̀ bá ti súnmọ́, ẹni tó bá sùn lórí tábìlì, a kì í jí i. Èèwọ̀ ni. Ó lè jẹ́ oorun kan ṣoṣo tó máa rí sùn láàárín ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Ńṣe là ń da kóòtù bò ó, ká sì gbà á lẹ́rù díẹ̀ kó tó jí. Wọ́n ti ṣe é fún mi, mo ti ṣe é fún wọn, kò níye."

"Wọ́n ń hanrun."

"Ẹ̀yin náà mọ̀? Wọ́n ń hanrun gan-an. Wọn kì í hanrun tẹ́lẹ̀. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní tí wọ́n bá jí, màá fi ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́." Ó fi ọwọ́ tẹ́ eteetí ewé náà tó ká sókè. "Ewé ìkẹyìn ò tíì ní aṣọ, ò tíì ní ojú. Ìlà pẹ́ńsù lásán ni. Wọn ò jẹ́ kí n ya ojú ìyàwó rí. Mo wọ yukátà, mo ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀, mo lọ sídìí dígí. Mo ní tí wọ́n bá jí, tí wọ́n rí i pé ó dára, bóyá wọ́n á ní kí orúkọ mi náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọn ò hanrun mọ́. Mo ní oorun ti wá dùn mọ́ wọn báyìí. Mo dín iná kù."

Mo yíjú sí ògiri. N kò fẹ́ kó rí ojú mi.

"Nígbà tí mo parí, mo gbé e lọ fún wọn. Mo fọwọ́ kan èjìká wọn."

Ọ̀gá rọra fa ewé náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Mo fi gègé sí wọn lọ́wọ́. Mo lọ sílé, mo dùbúlẹ̀ títí Ọjọ́ Àìkú fi lọ. Mo rò pé tí n kò bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣì ń sùn."

"Ṣé torí ìwé náà lẹ ṣe sọ pé àwọn ló yà á?" mo bi í. Ohùn mi le ju bí mo ti fẹ́ lọ. "Torí kí ilé ìtẹ̀wé má baà dá a padà?"

"Ìwé?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. "Ọjọ́ tí mo gbé aṣọ ìsìnkú wọn lọ fún dókítà yín, ó bi mí bóyá mo gbọ́ kí wọ́n hanrun. Ìbéèrè yẹn ni mo fi mọ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ tíì fún yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí ẹ̀rù. Lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀, n kò lè kó o jẹ mọ́. Nínú èyí tí mo sọ fún yín, wọ́n jí, sájẹ́ǹtì. Wọ́n jí, wọ́n bú mi pé mi ò nàró, wọ́n yà mí, wọ́n mu tíì. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n ti jí ni."

Ó wá yíjú sí Orikasa. Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti inú ọkọ̀ ló bi í.

"Ká ní mo jí wọn ńkọ́?"

Mo wo Ọ̀gá. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Irọ́ kékeré kan ló kù tí à bá pa nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ìbá sì pa á láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Orikasa kì í parọ́ fún ẹni tó bá ti sọ òótọ́ fún un. Mo kórìíra rẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn.

"Wọn ò ní jí," ó ní. "Àmọ́ ẹ̀rù á bà yín, ẹ á pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Dókítà ní tí wọ́n bá tètè gbé wọn dé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yè é."

Fusae mi orí sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ibi tó ti ṣì í hàn. Ó dìde lórí ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ yẹn, ó wá síwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ọrùn ọwọ́ sókè.

"Mo ti ṣe tán. Ẹ mú mi lọ."

Mo wo Ọ̀gá. Ó mi orí pé rárá.

"Oribe-san, a kì í mú ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn," ó ní. "Irọ́ tí ẹ pa fún wa, ẹ máa wá tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó tán. Òfin tó lè mú yín ò sí."

Obìnrin náà kò gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló máa wá mú mi nígbà náà?"

Orikasa bojú wo ilẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ méjèèjì náà mú, wọ́n tutù, tàdáwà wà lára wọn, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé wọn sí.